Ọkọ̀ tuntun, ojú ọ̀nà máròsẹ̀: ṣé pípààrọ̀ jíà tó?
Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ bá mi dá sí i. Sátidé tó kọjá ni mo gba Subaru BRZ tuntun, oní-jíà ọwọ́, ní Houston. Ìwé rẹ̀ ní fún máìlì 1,000 àkọ́kọ́, kí n má kọjá 4,000 rpm (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan), kí n má sì fi eré kan náà wà á pẹ́. Ojú ọ̀nà máròsẹ̀ nìkan ni mo ń gbà lọ síbi iṣẹ́! Mo gbìyànjú kí n máa dín eré kù kí n tún fi kún un. Fèrè àwọn ọkọ̀ ẹ̀yìn fẹ́rẹ̀ẹ́ di mí létí. Ní báyìí, jíà 5 àti 6 ni mò ń pààrọ̀ lórí eré kan náà, kí rpm nìkan lè máa yàtọ̀. (Ìyàwó mi ní mò ń kẹ́ ọkọ̀ ju òun lọ.) Ṣé ìyẹn tó fún ẹ́ńjìnnì, àbí eré gan-an ló gbọ́dọ̀ máa yàtọ̀?