Wọ́n fẹ́ ta hóòlù àdúgbò wa ní Peckham, kí la lè ṣe?

Ìyá Dárà: Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará. Hóòlù kan wà nítòsí wa ní Peckham níbí, ní London, ibẹ̀ la ti ń sọmọ lórúkọ, ibẹ̀ làwọn àgbàlagbà ti ń pàdé jẹun ọ̀sán lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, ibẹ̀ náà làwọn ọmọ wa ti ń kọ́ Yorùbá ní Sátidé. A wá gbọ́ pé ẹni tó ni ín fẹ́ tà á fáwọn tó máa kọ́ fúláàtì síbẹ̀. Àwọn kan ní kò sóhun tá a lè ṣe, wọ́n ní ohun ìní ẹ̀ ni. Ṣé òfin ò lè gbà wá ni? Àwọn ìyá àgbà yẹn ló ń ká mi lára jù, òmíì nínú wọn ò rí ẹni bá sọ̀rọ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀ àfi tó bá débẹ̀.

Àdìsá Nunhead: Ìyá Dárà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fìyẹn dẹ́rù bà yín. Òfin Localism Act ti 2011 fún yín láyè láti ní kí káńsù kọ hóòlù yẹn sínú ìwé Asset of Community Value, ìyẹn àwọn ibi tó wúlò fáwọn ará àdúgbò, ACV là ń pè é. Ẹgbẹ́ èèyàn 21 tí orúkọ wọn wà nínú ìwé ìdìbò ládùúgbò yín ti tó láti béèrè, ọ̀sẹ̀ 8 sì ni káńsù ní láti dáhùn. Tó bá ti wọlé, ọdún 5 ló máa fi wà níbẹ̀, tí onílé bá fẹ́ tà á ó gbọ́dọ̀ sọ fún káńsù, ẹ ó wá ní ọ̀sẹ̀ 6 láti sọ pé ẹ fẹ́ gbìyànjú láti rà á, tẹ́ ẹ bá sì ti sọ bẹ́ẹ̀ kò lè tà á fẹ́lòmíì títí oṣù 6 á fi pé sọ́jọ́ tó sọ fún káńsù. Ẹ wo Ivy House ní Nunhead níbí, pọ́ọ̀bù ni, àwọn oníṣòwò ilé ti nawọ́ sí i, ló bá di pé wọ́n fi sínú ìwé yẹn ní 2012, òun gan-an ni pọ́ọ̀bù tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, nígbà tó fi máa di 2013 àwọn ará àdúgbò ti rà á ní £810,000!

Kẹ́mi SE15: Òótọ́ ni bọ̀dá Àdìsá sọ, àmọ́ ACV kàn ń fa títà sẹ́yìn ni, ọ̀dọ̀ àwọn planning, ìyẹn àwọn tó ń fàṣẹ sí ilé kíkọ́ ní káńsù, nìjà gidi wà. Látọdún 2020 ni wọ́n ti ń ka irú hóòlù báyìí sí F2, ìyẹn ọ̀wọ́ àwọn ilé táwọn ará àdúgbò ń lò, ẹni tó bá fẹ́ sọ ọ́ di fúláàtì gbọ́dọ̀ gbàwé àṣẹ. London Plan ti 2021 náà wà, ìyẹn ìlànà ìlú London lórí ilé kíkọ́, ẹ wo apá S1 níbẹ̀, ó ní kí wọ́n má gbà kí irú ibẹ̀ run níbi táwọn èèyàn bá ti nílò ẹ̀, àyàfi tí nǹkan gidi bá wà tó máa rọ́pò ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń kọ̀wé sí káńsù láti ta kò ó, ẹ má sọ pé owó ilé yín máa wálẹ̀ o, wọn ò ní kà á sí rárá. Ẹ sọ àwọn tó ń lò ó, ọjọ́ tí wọ́n ń lò ó, àti bí hóòlù míì ṣe jìnnà tó àti iye tí wọ́n ń gbà níbẹ̀. Kí kálukú fẹnu ara ẹ̀ kọ tiẹ̀, ó lágbára ju ìwé kan ṣoṣo tí gbogbo yín buwọ́ lù lọ. Ọjọ́ 21 ni wọ́n sábà máa ń fún aráàlú láti kọ̀wé, kì í pẹ́ lọ.

Bàbá Ẹniọlá: Ẹ jẹ́ n fi tèmi kún un torí ó ṣẹlẹ̀ ládùúgbò wa. Oṣù 6 yẹn kéré jọjọ, kò sì pọn dandan fún onílé kó tà á fún yín. Èèyàn 21 lè kọ orúkọ ilé sílẹ̀, àmọ́ ẹgbẹ́ tó máa sọ pé ká dúró torí òun fẹ́ rà á gbọ́dọ̀ ti wà lábẹ́ òfin, bíi charity tàbí CIC, ìyẹn iléeṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àǹfààní aráàlú. A ò mọ̀yẹn ṣáájú, ìgbà tá a fi máa to ìwé ẹ̀ tán ọjọ́ ti lọ, wọ́n sì ta ibẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ ìyẹn lọ́sẹ̀ yìí, kẹ́ ẹ sì ti máa wá owó.

Ìyá Dárà: Ẹ ṣé gan-an, Ọlọ́run á gbè yín. Àwa mẹ́ta ti fẹ́ pàdé ní Sọ́ńdè. Ìwé táwọn tó ń gba hóòlù máa ń buwọ́ lù wà lọ́wọ́ olùtọ́jú ibẹ̀, ṣé ó wúlò?

Kẹ́mi SE15: Ó wúlò gidi gan-an mà! Ẹ tètè lọ ya fọ́tò gbogbo ojú ìwé ẹ̀ kó tó di Sọ́ńdè.