Ọmọ wa kò tíì sọ̀rọ̀, ọjọ́ tẹ́rápì sì jìnnà: kí ni ká ṣe báyìí?

Ìyá Mofẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ẹ̀yin òbí. Ẹ jọ̀ọ́, ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Ọmọ wa ọkùnrin ti pé oṣù 27. "Màmá" àti "omi" nìkan ló ń sọ, kì í sì í ṣe gbogbo ìgbà. Tó bá fẹ́ nǹkan, ọwọ́ mi ló máa ń fà lọ síbẹ̀. Tí mo bá pè é lórúkọ, nígbà míì á wẹ̀yìn, nígbà míì ńṣe ló máa dà bíi pé ẹnikẹ́ni ò pè é. Ó lè dojú ọkọ̀ ìṣeré kan dé, kó máa yí táyà rẹ̀ títí, kò ní wo ẹnì kankan.

Dókítà tó kọ́kọ́ rí i ní ká ṣì máa wò ó, pé àwọn ọmọkùnrin máa ń pẹ́ sọ̀rọ̀. Ìyá ọkọ mi ní bẹ́ẹ̀ náà ni bàbá rẹ̀ ṣe ṣe. Ọkọ mi di èyí mú, ó ní mò ń wá àìsàn sọ́mọ lára. Dókítà kejì tí mo lọ bá ló kọ̀wé pé ká lọ rí àwọn tó ń tọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ. A débẹ̀, wọ́n ní èrò pọ̀, ó di oṣù mélòó kan kó tó kàn wá.

Ṣé ká kàn máa retí ni? Kí ló yẹ ká kọ́kọ́ ṣe? Báwo ni màá ṣe mọ tẹ́rápísìtì tó mọṣẹ́? Báwo ni mo sì ṣe lè bá bàbá ọmọ sọ ọ́ tí kò ní dìjà? Ẹ má bínú pé ó gùn. Oorun ò kun ojú mi mọ́.

Ìyá Tèmi

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Ìyá Mofẹ́. Ṣé wọ́n ti yẹ etí rẹ̀ wò? Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kó tó di pé ẹnikẹ́ni dárúkọ nǹkan míì. Omi lè dúró sẹ́yìn ìlù etí ọmọ lẹ́yìn ọ̀fìnkìn, láìsí ìrora, láìsí ibà. Ọmọ á gbọ́ tí ilẹ̀kùn bá dún gbàgà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ẹ ń bá a sọ ò ní já gaara sí i. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn rẹ̀ kó ní ó ń gbọ́. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fi ẹ̀rọ wò ó ni kẹ́ ẹ lọ. Kò dìgbà tọ́mọ bá lè dáhùn. Àyẹ̀wò míì wà tí wọ́n máa ń ṣe nígbà tọ́mọ bá ń sùn.

Abíọ́dún

Iṣẹ́ ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ ni mò ń ṣe. Òótọ́ lọ̀rọ̀ Ìyá Tèmi, etí ni àkọ́kọ́.

Ẹ kú ìforítì, mà. Ọkàn yín ò tàn yín. Tọ́mọ bá fi máa pé oṣù 24, ọ̀pọ̀ ti ń so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀. Kó tó oṣù 18, a máa ń retí pé kó ti máa fi ìka tọ́ka sí nǹkan láti fi hàn yín. Ọmọ tó bá pàdánù ọ̀rọ̀ tó ti ń sọ tẹ́lẹ̀, kò yẹ kó lo ọ̀sẹ̀ kan sí i nílé kí dókítà tó rí i.

Ìwé ìbéèrè kan wà tó ń jẹ́ M-CHAT-R, ìbéèrè 20 ni, ọ̀fẹ́ ni, ọmọ oṣù 16 sí 30 ni wọ́n ṣe é fún. Àyè ṣì wà fún ọmọ yín. Kò ní sọ fún yín pé ọmọ ní autism (ìyàtọ̀ nínú bí ọpọlọ ṣe ń dàgbà, tó máa ń kan ọ̀rọ̀ sísọ àti bíbá èèyàn ṣe) tàbí kò ní. Ohun tó ń sọ ni bóyá ó yẹ kí wọ́n wò ó fínnífínní. Ẹ mú èsì rẹ̀ lọ fún dókítà. Ẹ má sì dúró de orúkọ àìsàn kankan kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, torí ọ̀rọ̀ tó pẹ́ nìkan ti tó ìdí láti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ forúkọ sílẹ̀ níbi tó ju ẹyọ kan lọ. Ẹ sọ fún wọn pé tẹ́nì kan bá yẹ ọjọ́ tirẹ̀, kí wọ́n pè yín, ẹ máa wá lójijì.

Nílé ńkọ́? Ẹ jókòó sílẹ̀ síwájú rẹ̀, kí ojú yín àti ojú rẹ̀ ṣe déédéé. Tó bá ń yí táyà, ẹ má gba ọkọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ bá a yí i. Ẹ ní "yí!" Ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀ léraléra. Lẹ́yìn náà, ẹ rọra fìka dá táyà dúró, kẹ́ ẹ dákẹ́, kẹ́ ẹ ka ení dé àrún nínú, kẹ́ ẹ máa wò ó. Tó bá gbójú sókè, tó kùn, tó ti ọwọ́ yín, ó ti bá yín sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ẹ tètè yí i: "yí!" Ọ̀rọ̀ kan péré ni kẹ́ ẹ lò. "Kí nìyí? Sọ ọ́ kí n gbọ́," ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Èdè tó bá wà lẹ́nu yín ni kẹ́ ẹ fi bá a sọ̀rọ̀. Èdè méjì nínú ilé kì í fa àìtètèsọ̀rọ̀.

Bàbá Ìrètí

Ìyá Mofẹ́, ti bàbá ọmọ ni mo fẹ́ dáhùn. Ẹ má bá a jiyàn lórí orúkọ àìsàn. Ẹ tẹ ìwé ìbéèrè náà méjì, kí kálukú lọ kọ tirẹ̀, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ gbé wọn síra. Ohun tí bàbá bá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ kì í rọrùn fún un láti jà. Ẹ sì jẹ́ kó bá yín lọ síbi àyẹ̀wò etí, kó gbọ́ ọ létí ara rẹ̀.

Ti ìyá ọkọ, ẹ má tako mọ́mì. Òótọ́ ni pé àwọn ọmọ kan ń pẹ́ tí wọ́n sì máa ń bá ẹgbẹ́ wọn fúnra wọn. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè fojú lásán mọ èyí tó máa bá ẹgbẹ́ rẹ̀. Àyẹ̀wò ò sì pa ọmọ tára rẹ̀ yá lára.

Ẹ tún máa ya fídíò kéékèèké: ìgbà tẹ́ ẹ pè é tí kò dáhùn, ìgbà tó ń fà yín lọ́wọ́, ìgbà tó ń ṣeré. Ọmọ lè ṣe bí ẹlòmíràn pátápátá níwájú dókítà.

Àdùkẹ́

Ẹ kàn sí mi níkọ̀kọ̀. Oògùn kan wà tó ń fa májèlé jáde lára ọmọ, ọmọ ojúlé wa lò ó, ó ti ń sọ̀rọ̀.

Abíọ́dún

Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá Mofẹ́, ẹ má fún un. Tí chelation bá ni wọ́n ń sọ, ìtọ́jú ẹni tí òjé ti wọ̀ lára ni, abẹ́ ojú dókítà ni wọ́n sì ti ń ṣe é. Ó lè ba kíndìnrín jẹ́. Ní ọdún 2005, ọmọ ọdún 5 kan tó ní autism kú lẹ́nu rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Àǹtí Àdùkẹ́, mo mọ̀ pé ire lẹ fẹ́, ṣùgbọ́n mi ò lè rí èyí kí n dákẹ́.

Ìyá Ọlá

Ní ti mímọ tẹ́rápísìtì tó dáa: ẹ béèrè ìwé àṣẹ rẹ̀, kẹ́ ẹ má tijú. Ẹ béèrè bóyá ẹ lè jókòó síbẹ̀ bó ṣe ń bá ọmọ ṣe é. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ dúró síta nígbà gbogbo, tí kò sì ṣàlàyé ohun tó ṣe fún yín, ẹ wá ẹlòmíràn. Ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ́sẹ̀ ló máa ń rí ọmọ, ẹ̀yin lẹ wà pẹ̀lú rẹ̀ ìyókù. Ohun tó bá kọ́ yín ló máa ṣiṣẹ́.

Ẹ béèrè àfojúsùn. "Kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè dáa sí i" kì í ṣe àfojúsùn. "Kó máa fìka tọ́ka sí ohun tó fẹ́, ìgbà mẹ́rin nínú márùn-ún, kó tó di oṣù mẹ́ta," ìyẹn la lè rí. Ẹni tó bá ṣèlérí ọjọ́ tọ́mọ máa sọ̀rọ̀, tàbí tó ń na ọmọ, ẹ sá fún un.

Tówó bá ń ni yín lára, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níṣẹ́ yìí, ó sábà máa ń dín, ọ̀gá wọn á sì wà lórí wọn. Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) náà ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún òbí ọmọ ọdún 2 sí 9 tí ìdàgbàsókè wọn ń falẹ̀.

Ìyá Mofẹ́

Ẹ ṣé gan-an, Ọlọ́run á bá wa wo àwọn ọmọ. Mo ti gba ọjọ́ àyẹ̀wò etí, bàbá rẹ̀ ní òun máa tẹ̀lé wa. Àǹtí Abíọ́dún, mo gbìyànjú ti táyà yẹn, ó gbé ọkọ̀ rẹ̀ sá lọ ó sì ń sunkún. Kí ni kí n ṣe?

Abíọ́dún

Ẹ má lé e. Ẹ wá ọkọ̀ tiyín, kẹ́ ẹ jókòó jìnnà díẹ̀, kẹ́ ẹ máa yí táyà tiyín bó ṣe ń yí tirẹ̀, láìsọ nǹkan kan. Ẹ má tíì fọwọ́ kan tirẹ̀ rárá. Tó bá yọjú wo tiyín, ẹ ní "yí!" lẹ́ẹ̀kan. Ẹ dáwọ́ dúró kó tó sú u. Bí ó bá ti gbà yín sí tòsí, ẹ kọ̀wé síbí, màá sọ èyí tó kàn.