Okùn là ń kà ni, àbí èèyàn?

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo rí àbá tí ẹnì kan mú wá, pé ní Yorùbá, ká máa pe "string quartet" ti Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn àwọn olórin mẹ́rin tó ń jókòó ta fáyólìn méjì, fíólà kan àti sẹ́lò kan (méjèèjì jọ fáyólìn, wọ́n sì tóbi jù ú lọ), ní "ẹgbẹ́ olókùn mẹ́rin". Ó dùn létí, àmọ́ mi ò fara mọ́ ọn. Fáyólìn kan ṣoṣo ti jẹ́ olókùn mẹ́rin. Fíólà náà ní mẹ́rin, sẹ́lò ní mẹ́rin. Bí gbogbo wọn bá jókòó tán, okùn 16 ló wà níwájú wa! Èèyàn ló yẹ ká kà.

"Onígòjé mẹ́rin" ni tèmi. Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní okùn kan péré ni gòjé ní. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n gìtá náà lókùn, kò sì sẹ́ni tó ń pè é ní gòjé. Ọ̀pá onírun ẹṣin tí wọ́n ń fà lórí okùn ló sọ gòjé di gòjé, irú ọ̀pá yẹn sì ni àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà, àfi níbi tí orin bá ti ní kí wọ́n fi ìka ta á.

Ẹlòmíì ní ká pe sẹ́lò ní "ìyá gòjé", torí òun ló tóbi jù. Ẹ jọ̀ọ́, rárá. Títóbi nìkan kọ́ ló sọ ìyá ìlù di ìyá ìlù. Òun ló ń darí. Nínú orin Haydn, ọ̀kan lára àwọn tó kọ orin fún irú ẹgbẹ́ yìí, fáyólìn àkọ́kọ́ ló sábà máa ń ṣíwájú, sẹ́lò á máa gbè é nísàlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan náà, "string quartet", ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe àwọn olórin yìí àti orin tí wọ́n kọ fún wọn. Bí a bá tẹ̀ lé e, a ó wí pé Haydn kọ onígòjé mẹ́rin 68, bí ẹni pé èèyàn ló kọ. "Orin onígòjé mẹ́rin" ló kọ. Àwọn míì náà kọ irú orin bẹ́ẹ̀: Beethoven kọ 16, Shostakovich 15, Bartók 6.

"Orin àtijọ́" tí àwọn kan fi ń pe irú orin yìí, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "classical music", náà kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ọjọ́ orí ló ń sọ, kò sọ irú orin. Ẹgbẹ́ Kronos, onígòjé mẹ́rin kan ní Amẹ́ríkà, láti 1973 ni wọ́n ti ń ta orin tí àwọn tó ṣì wà láàyè kọ fún wọn. Ẹ jẹ́ ká pè é ní "orin àkọsílẹ̀", ti àtijọ́ tàbí ti òde òní.

Fíólà ló ṣì ń dà mí láàmú. Orúkọ rẹ̀ sún mọ́ ti fáyólìn jù létí, bẹ́ẹ̀ ó tóbi jù ú lọ, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀ jù ú lọ. Ẹni tó bá lórúkọ tó yàtọ̀ fún un, kó jọ̀ọ́ mú un wá.