Ẹ̀yin tí ẹ ń sin anẹ́mónì òkun nínú ilé, ẹ wá sọ ohun tí ojú yín rí

Ẹ kú àsìkò yìí o. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ni mo fẹ́ sọ, kí ẹni tó ń gbèrò láti ra anẹ́mónì àkọ́kọ́ rẹ̀ lè fi tèmi kọ́gbọ́n. Ẹranko òkun ẹlẹ́ran rírọ̀ ni anẹ́mónì, tí ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ púpọ̀ tó ní oró yí ẹnu rẹ̀ ká. Lẹ́yìn náà, kí olúkúlùkù sọ tirẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ni táǹkì gíláàsì tí mo ń sin ẹja òkun sí ti wà nílẹ̀ nígbà tí mo ra irú anẹ́mónì tí wọ́n ń pè ní bubble tip kan, tó pupa bí osùn. Mo ti yẹ omi wò: kò sí amóníà, kò sí náítíráìtì, àwọn oró tí ìdọ̀tí ẹja ń mú wá sínú omi, ìwọ̀n iyọ̀ rẹ̀ wà ní 1.025, ìgbóná rẹ̀ jẹ́ 26°C. Lójú tèmi, omi ti pé. N kò mọ̀ pé omi lè mọ́ lónìí kó má tíì fìdí múlẹ̀. Omi táǹkì tuntun a máa yí padà láàárọ̀, a tún yí padà lálẹ́. Ẹja lè fara dà á, anẹ́mónì kò lè fara dà á. Ó yẹ kí n dúró fún oṣù mẹ́fà, kódà ọdún kan.

Mo gbé e sí iwájú gíláàsì, níbi tí n ó ti máa rí i láti orí àga mi. Kò jókòó síbẹ̀. Anẹ́mónì ní ẹsẹ̀ o, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó fẹ̀, tó ń lẹ̀ mọ́ òkúta bíi ti ìgbín, òun ló sì fi ń rìn lọ wá ibi tí ìmọ́lẹ̀ àti ìṣàn omi bá ti bá a lára mu. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dá a padà sí iwájú. Lóru ọjọ́ kẹta, ó rìn dé ìdí pọ́ǹpù tó ń ru omi, pọ́ǹpù sì fà á wọlé.

Òórùn ló jí mi. Omi ti funfun bí ẹfun tí wọ́n pò, ẹran pupa wẹ́wẹ́ ń léfòó kiri nínú rẹ̀, oró sì ṣì wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, torí bí anẹ́mónì bá tilẹ̀ gé sí wẹ́wẹ́, oró rẹ̀ kì í bá a kú lójú ẹsẹ̀. Kí n tó da ìdajì omi nù, ẹja mẹ́ta ti kú. Ìkẹrin kú kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Mo fi èédú tí wọ́n fi ń sẹ́ omi sí i, mo pààrọ̀ omi fún ọjọ́ mẹ́rin léra wọn.

Fóòmù kékeré kan ni ì bá gbà mí. Ẹ gé fóòmù oníhò ńláńlá, ẹ fi bo ẹnu pọ́ǹpù kí anẹ́mónì tó wọ táǹkì, kì í ṣe lẹ́yìn ìgbà tó ti wọ̀ ọ́. Ẹ máa fọ̀ ọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, torí ó máa ń dí.

* * *

Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Tèmi kò kú, ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀.

Nígbà tí mo rí i lọ́dọ̀ ẹni tó tà á fún mi, ó funfun báláú, mo sì rò pé ẹwà ni. Àìsàn ni. Àwọn ewéko tíńtìntín kan tí ojú lásán kò lè rí ń gbé inú ẹran ara anẹ́mónì. Ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe oúnjẹ, anẹ́mónì sì ń jẹ nínú rẹ̀. Àwọn náà ló ń fún un ní àwọ̀ búráùn tí a mọ̀ mọ́ ọn. Bí omi bá gbóná jù, tàbí tí ìmọ́lẹ̀ kò tó, á lé wọn jáde, á wá di funfun. Ebi ló ń pa èyí tí mo gbé wálé.

Mo gé edé wẹ́wẹ́, kò ju èékánná ọmọdé lọ, mo fi ẹ̀mú gígùn gbé e sí i lọ́wọ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọwọ́ rẹ̀ kò lè di nǹkan kan mú. Edé ń yọ́ bọ́ sílẹ̀. Èyí tí ara rẹ̀ yá máa ń lẹ̀ mọ́ nǹkan bí ẹ̀mọ́ ṣe ń lẹ̀ mọ́ aṣọ. Lọ́jọ́ kẹfà, ọwọ́ mẹ́ta rọra ká mọ́ edé náà, wọ́n tẹ̀ sínú, ẹnu là díẹ̀, ó gbé e mì. Ogún ìṣẹ́jú gbáko ni mo fi wò ó, n kò kúrò níbẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni mo ń fún un. Ẹ má fún un ní èyí tó tóbi o, á bì í padà lóru, omi á sì bàjẹ́. Iná LED, mo kọ́kọ́ dín in kù, mo wá ń fi díẹ̀díẹ̀ kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Oṣù kẹta ni mo tó rí àwọ̀ búráùn fẹ́ẹ́rẹ́ ní ìdí ọwọ́ rẹ̀. Ó pé oṣù mẹ́jọ kí gbogbo ara rẹ̀ tó padà bọ̀ sípò.

Tí ẹ bá ń rà á, ẹnu rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí ẹnu bá pa dé, ó dára. Bó bá là sílẹ̀ gbayawu tí ìfun ń yọ jáde, tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ya, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.

* * *

Ẹ jẹ́ kí n fi kékeré kan kún un. Ìgbà àkọ́kọ́ tí tèmi sún kì, tó rọ jọwọlọ sórí òkúta, mo ti gbé ike wá láti dà á nù. Ẹnìkan ló ní kí n dúró di àárọ̀. Ìgbẹ́ ló ń yà! Ẹnu kan náà tó fi ń jẹun ló fi ń yà á, á tú gbogbo omi inú rẹ̀ jáde, á tún fa tuntun sínú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti wú padà. Èyí tó kú máa ń rùn, á máa yọ́ bí ikun. Imú yín á sọ fún yín.

* * *

Ọdún mẹ́rin ni mo fi sin tèmi, ọwọ́ ara mi ni mo fi pa á. Àìsàn àmì funfun mú ẹja mi, mo sì da oògùn tí bàbà wà nínú rẹ̀ sínú táǹkì kan náà. Ẹja yè. Anẹ́mónì kú lọ́jọ́ kejì, edé àti akàn bá a lọ. Bàbà kì í dá ẹ̀dá òkun tí kò ní egungun sí. Inú ike ọ̀tọ̀ ni kí ẹ ti máa tọ́jú ẹja. Ó ṣì ń dùn mí títí di bí mo ṣe ń kọ eléyìí.

* * *

Bí ẹnikẹ́ni bá ń bínú pé clownfish òun, ẹja kékeré tó máa ń fi anẹ́mónì ṣe ilé, kò wọ inú anẹ́mónì, kó fọkàn balẹ̀. Irú anẹ́mónì mẹ́wàá péré ló ń gba clownfish lálejò nínú òkun, irú ẹja kọ̀ọ̀kan ló sì ní èyí tó ń bá gbé. Nínú òkun, ocellaris, ọ̀kan nínú irú clownfish, kì í gbé inú bubble tip. Tèmi fi ọdún kan àti oṣù mẹ́rin sùn sí igun gíláàsì. Lálẹ́ ọjọ́ kan, èyí tó jẹ́ abo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ikùn ra ìdí ọwọ́ anẹ́mónì, á sá, á tún padà, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí mo fi pa iná. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àárín rẹ̀ ni mo bá òun àti ọkọ rẹ̀.

* * *

Èmi tí mo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ni mo padà dé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín.

Oṣù mọ́kànlá ni mo fi dúró kí n tó ra òmíràn. Mo bo pọ́ǹpù, mo fi anẹ́mónì sílẹ̀ kó yan ibi tó wù ú. Ẹ̀yìn òkúta ló yàn, ìdajì rẹ̀ ni mo ń rí láti ẹ̀gbẹ́. N kò fọwọ́ kàn án. Ẹ̀mí gígùn ni ẹ̀dá yìí ní bí a bá tọ́jú rẹ̀. Ní 1828, Sir John Dalyell, onímọ̀ nípa ẹ̀dá kan, mú irú anẹ́mónì pupa kan ní etí òkun North Berwick ní Scotland, ó fi sínú ìgò gíláàsì, ó ń pààrọ̀ omi rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni náà kú ní 1851. Àwọn mìíràn gba ìgò náà, 1887 ni anẹ́mónì náà tó kú ní Edinburgh. Kò sí iná LED nígbà náà, kò sí pọ́ǹpù.

Lọ́dún kejì, tèmi pín sí méjì lójú mi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fà lọ sọ́tùn-ún, ó ń fà lọ sósì, àárín tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn, ó sì já. Ojú ibi tó ti já rí wúruwùru fún bí ọ̀sẹ̀ kan, ó sì jinná. Mo ti ṣèlérí kékeré náà fún ọ̀rẹ́ mi, àmọ́ ó ti lẹ̀ mọ́ òkúta pinpin. Ta ló mọ bí wọ́n ṣe ń tú u láì ya ẹsẹ̀ rẹ̀?

* * *

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fà á rárá. Bí òkúta náà bá kéré, ẹ gbé òun àti òkúta fún ọ̀rẹ́ yín. Bí kò bá ṣeé gbé, ẹ fi yìnyín kan ẹ̀yìn òkúta ní ọ̀gangan ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà. Òtútù á mú kó jọ̀wọ́ òkúta fúnra rẹ̀. Ẹ fi ìka tó wà nínú ìbọ̀wọ́ ti etí ẹsẹ̀ rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó gbà mí ní wákàtí kan àbọ̀.