Súwẹ́tà Nínú Oòrùn Adó: Ohun Tí Mo Bá Pàdé Nínú Wintergirls

Ọmọ Adó:

Nígbà tí àbúrò mi obìnrin wà ní ọdún kejì ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ súwẹ́tà lọ́sàn-án gangan, nínú oṣù kẹta, nígbà tí oòrùn Adó-Èkìtì ń jó ènìyàn lórí. Bí a bá bi í, á ní òtútù ń mú òun. Bí iyán bá délẹ̀, á ní òun wà nínú ààwẹ̀. Ta ni yóò sì bá ẹni tó ń gbààwẹ̀ jà ní ilé tiwa, níbi tí ìyá wa fúnra rẹ̀ ti ń gba ààwẹ̀ ọjọ́ 21 lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún?

Lẹ́yìn tí ara rẹ̀ ti ń bọ̀ sípò ni mo ka Wintergirls, ìwé tí Laurie Halse Anderson ará Amẹ́ríkà kọ fún àwọn ọ̀dọ́, tó jáde ní 2009. Lia, ọmọ ọdún 18, ló ń sọ ìtàn náà. Anorexia ni àìsàn tirẹ̀, èyí tó ń mú kí ènìyàn fi ebi pa ara rẹ̀ nítorí ó gbà pé òun ti sanra jù, bó ti wù kó rù tó. Cassie, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, ní bulimia: á jẹ àjẹjù, á sì fipá bì í. Nígbà tí ìwé bẹ̀rẹ̀, Cassie ti dá nìkan kú sí yàrá òtẹ́ẹ̀lì kan. Ìgbà 33 ló pe fóònù Lia kó tó kú. Lia kò gbé e.

Mo kọ́kọ́ rò pé òtútù ilẹ̀ òyìnbó lásán ni òtútù tó kún inú ìwé náà, ohun tí kò kan àwa tí kò rí yìnyín àfi nínú fíríìjì. Nígbà tí mo wá rí i pé òtútù kì í fi Lia sílẹ̀, kódà nínú ilé, mo gbé ìwé náà kalẹ̀, mo rántí súwẹ́tà. Ara tí kò rí oúnjẹ kì í rí ooru pèsè. Ọkàn á máa lù jẹ́jẹ́, nǹkan oṣù á sì dúró. Àmì àìsàn náà ni òtútù yìí lóòótọ́.

Èyí tó dùn mí jù lọ ni àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n fa ìlà lé lórí. Lia á sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé òun fẹ́ jẹ nǹkan, ìlà á gba orí gbólóhùn náà kọjá, gbólóhùn mìíràn tó le koko á sì tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ojú ẹni tó ń kàwé ṣì rí èyí tí wọ́n pa. Mo ronú sí gbogbo ìgbà tí àbúrò mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná nígbà tí mo ń gúnyán, tó ń wo odó, tó sì ń ní, “Rárá, mi ò jẹ.” Ìlà ni “rárá” yẹn. Ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni mi ò kà.

Òkú Cassie a máa wá bá Lia lóru, a máa pè é pé kó máa bọ̀. Ẹni tó bá dàgbà lọ́dọ̀ wa kò ní ṣe méjì kó tó ní ẹgbẹ́ ọ̀run ni. Ohun tí ìyá wa sọ náà nìyẹn, oṣù mẹ́rin la sì fi ń ti orí òkè àdúrà kan bọ́ sí òmíràn, kí ìbátan wa kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì tó ní ká gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà tó ń tọ́jú ọpọlọ. (Lórí òkè kan, wọ́n tún ní kó gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta sí i. Inú ṣì ń bí mi.) Lójú tèmi, ìpè 33 tí Lia kò dáhùn ló ń padà wá bá a, àìsàn náà sì ti gba ohùn ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti fi bá a sọ̀rọ̀.

Ọmọ Ìlawẹ̀:

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi. Mo gbà pẹ̀lú yín, àmọ́ ẹ fo àwọn ará ilé. Dókítà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ ọkàn ni ìyá Lia, bàbá rẹ̀ sì jẹ́ onímọ̀ ìtàn: obìnrin tó ń la àyà àjèjì kò rí ohun tó wà láyà ọmọ rẹ̀, ọkùnrin tó mọ ìtàn àtijọ́ kò mọ ti inú ilé rẹ̀. Emma, ọmọ kékeré tí ìyàwó bàbá Lia gbé wá, ni kò jẹ́ kí n sùn lóru tí mo ka ìwé náà tán. Ọkùnrin ni mí, irú àìsàn yìí sì ṣe mí nígbà tí mo ń sáré ìje nílé ìwé. Emma rán mi létí àsìkò yẹn: lọ́jọ́ kan, àbúrò mi ọmọ ọdún mẹ́fà ti àwo ẹ̀bà rẹ̀ sẹ́yìn, ó ní, “Bọ̀ọ̀dá mi kì í jẹ, èmi náà ò jẹ.”

Ọmọ Adó:

Àbúrò mi, kí lo wá ṣe?

Ọmọ Ìlawẹ̀:

Mo jókòó tì í, mo bu òkèlè kan, òun náà bu ọ̀kan. Ilẹ̀ ti ṣú kí àwo náà tó tán.