Ìrọbí tí a fi falẹ̀ ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní Benin): níbo ni a ti lè béèrè ẹ̀tọ́?

Ọmọ Àjàṣẹ́:
Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o. Ìyàwó àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí ní ìdájí ní ilé ìwòsàn aládàáni kan nílùú wa. Sùúrù ni wọ́n ń bẹ̀ wá títí ilẹ̀ fi ṣú, kí wọ́n tó ní kí a sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba fún iṣẹ́ abẹ. Ọmọ náà kò ké nígbà tí wọ́n gbé e jáde. Ó ti yẹ kí ó máa jókòó báyìí, ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀ kò tíì gba orí dúró. Àwọn ẹbí ní kí a fà á lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ǹjẹ́ òfin gbà wá láyè láti pẹjọ́?

Agbẹ̀bí Kétu:
Ẹ kú ìrọ́jú. Pàtógíráàmù ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, ìyẹn ìwé tí a ń kọ ìrìn ìrọbí sí: bí ẹnu ilé ọmọ ṣe ń ṣí, bí ọkàn ọmọ ṣe ń lù, àti oògùn tí ìyá gbà. Ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé kí a máa gbọ́ ọkàn ọmọ ní ìṣẹ́jú 15 sí 30 síra wọn, kí ó sì di ìṣẹ́jú 5 síra wọn nígbà tí ìyá bá ń rin ọmọ síta. Bí ìwé náà bá ṣófo fún wákàtí mélòó kan, òfìfo yẹn fúnra rẹ̀ ń sọ̀rọ̀. Ẹ wá ìwé tí wọ́n fi gbé e ránṣẹ́, àti wákàtí tí wọ́n kọ pé ó dé.

Mo gbọdọ̀ fi èyí kún un, bí kò tilẹ̀ ní dùn mọ́ yín: kì í ṣe gbogbo àbùkù ọpọlọ ọmọ ni ìrọbí ń fà. Àìsàn inú oyún lè fà á, bẹ́ẹ̀ náà ni ibà pọ́njú tó le lẹ́yìn ìbí. Nítorí náà, ẹ béèrè máàkì Apgar ti ìṣẹ́jú kìíní àti ìkarùn-ún, ìyẹn máàkì tí a ń fún ọmọ lẹ́yìn ìbí lórí bí ó ṣe ń mí àti bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù.

Akọ̀wé kóótù tẹ́lẹ̀:
Òfin gbà yín láyè, ṣùgbọ́n ẹ mọ ẹni tí ẹ ń pè. Ilé ẹjọ́ Àjàṣẹ́ ni ẹ ó ti pe ilé ìwòsàn aládàáni. Ká ní Kétu ni ó ti ṣẹlẹ̀, ilé ẹjọ́ Pobè ni ẹ ó lọ. Bí àṣìṣe bá wà lọ́wọ́ ilé ìwòsàn ìjọba, ẹjọ́ ìṣàkóso ni, ìyẹn ẹjọ́ tí a ń pe iléeṣẹ́ ìjọba, ẹ ó sì kọ̀wé sí wọn ná. Dókítà kò ṣèlérí ìwòsàn, ìtọ́jú tó yẹ ni ó jẹ yín. Ẹ̀yin ni ẹ ó fi hàn pé ó kùnà, pé ọmọ fara pa, àti pé ìkùnà náà ni ó fà á. Adájọ́ lè yan dókítà mìíràn láti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Ẹ tún lè fẹjọ́ sun agbẹjọ́rò ìjọba nítorí àìbìkítà.

Ọmọ Àjàṣẹ́:
Ẹ ṣeun. Wọ́n tún béèrè owó kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà.

Akọ̀wé kóótù tẹ́lẹ̀:
Láti oṣù kẹrin ọdún 2009 ni ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí í san 100,000 fàráǹkì fún ilé ìwòsàn lórí iṣẹ́ abẹ ìbímọ kọ̀ọ̀kan, kí aláboyún má baà san án. Ẹ kọ wákàtí tí owó dá a dúró sílẹ̀, àti orúkọ ẹni tí ó béèrè rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi lẹ́tà béèrè ẹ̀dà gbogbo ìwé náà, kí ẹ sì gba ẹ̀dà lẹ́tà yín tí wọ́n fi òǹtẹ̀ lù padà kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.