Ẹ̀yin tísà tó ti lọ àpérò rí, kí lẹ rí mú bọ̀?

Àǹtí Ṣàgámù

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará mi. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ tísà ní pírámárì, n kò sì tíì lọ àpérò kankan rí. Lọ́dún yìí mo fẹ́ lọ. Mo mú lẹ́tà tọ ọ̀gá wa lọ, ó wò mí wò mí, ó ní, "Ta ni kó dúró ti kíláàsì rẹ? Àbí báàgì tí wọ́n ń pín níbẹ̀ ló wù ọ́?" Mo délé, bàbá àwọn ọmọ mi ní kí n jókòó ká jọ ṣírò ẹ̀: owó ọkọ̀, owó ibi tí màá sùn, owó ìforúkọsílẹ̀. Nígbà tá a ṣírò ẹ̀ tán, èmi náà dákẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lọ rí, ẹ má sọ ti pé ó ń la ojú ẹni. Gbogbo wa la mọ ìyẹn. Ẹ sọ ohun tí ojú yín rí níbẹ̀, kí n mọ èsì tí màá fún àwọn méjèèjì yìí.

Tísà Kẹ́mísírì, Abẹ́òkúta

Àǹtí, ẹ kú ìnáwó tó ń bọ̀. Èmi ò ní purọ́, torí kí n lè sinmi wàhálà ilé ni mo ṣe lọ ti àkọ́kọ́. Ẹgbẹ́ àwa olùkọ́ sáyẹ́ǹsì, ìyẹn STAN, ti wà láti ọdún 1957, oṣù kẹjọ tí iléèwé wà ní họlidé ni wọ́n sì sábà máa ń ṣe àpérò wọn. Ọjọ́ kìíní, ọ̀rọ̀ ìkíni káàbọ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìkíni káàbọ̀. Mo sùn. Ọjọ́ kejì ni mo jáde lọ ra omi, tí mo rí ìyá kan tó to ike sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Mo rò pé zobo ni wọ́n ń tà. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ọ̀kan tó tutù.

Ìyá yìí rẹ́rìn-ín. Zobo ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní ṣúgà. Wọ́n bu díẹ̀ sínú kọ́ọ̀bù méjì. Wọ́n fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí ọ̀kan, ó pọ́n wẹ̀ẹ̀. Wọ́n da omi eérú sí èkejì, ó di àwọ̀ ewé lójú mi báyìí. Ẹ̀yin ará, ọdún mélòó ni mo ti ń fi ṣọ́ọ̀kì ya bébà litmus sójú pátákó, tí mò ń sọ fún ọmọ pé ásíìdì á sọ búlúù di pupa, tí ọmọ ò rí búlúù, tí kò rí pupa! Níléèwé tiwa, bébà litmus kì í dé àfi tí WAEC bá kù sí dẹ̀dẹ̀.

Nígbà tá a wọlé ní sáà tuntun, mo ní kí kálukú mú nǹkan wá látilé. Wọ́n mú omi ògì kíkan wá, wọ́n mú kán-ún, wọ́n mú omi ọṣẹ. Ọmọbìnrin kan di eérú èèpo kòkó sínú ọ̀rá, ó ní òun ni ìyá àgbà òun fi ń se ọṣẹ dúdú. Nígbà tí zobo yí àwọ̀ nínú kọ́ọ̀bù tirẹ̀, ó bi mí pé, "Sà, ṣé kẹ́mísírì ni màmá wa ti ń ṣe látijọ́ yìí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Owó ọkọ̀ mi padà wọlé lọ́jọ́ yẹn.

Kò-Sí-Báàgì, Ìlọrin

Kí wọ́n má fi ẹnu dídùn tan Àǹtí lọ o. Èmi náà lọ. Ilé-ìwé tí mo wà nígbà náà ní kí n fi owó mi lọ, àwọn á dá a padà. Títí mo fi kúrò níbẹ̀, kọ́bọ̀ kò wọlé. Níbi àpérò, àwa mẹ́tàdínlógún la fẹ́ ka àpilẹ̀kọ nínú yàrá kan láàárín wákàtí méjì. Ẹni tó ṣáájú mi fi ogún ìṣẹ́jú dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ẹni ńlá. Ó kàn mí, alága ní kí n fi ìṣẹ́jú mẹ́rin ṣe é. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ dé ibi tí iṣẹ́ mi wà ni iná lọ. Lẹ́yìn náà ó ku fọ́tò, báàgì àti sátífíkéètì. Orúkọ mi tí wọ́n kọ sí sátífíkéètì gan-an, wọ́n ṣì í kọ. Ẹni tó bá ní owó ọkọ̀ lọ́wọ́, kó fi ra dátà, kó wo tísà bíi tiẹ̀ lórí YouTube.

Tísà Kẹ́mísírì, Abẹ́òkúta

Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́. Inú gbọ̀ngàn lẹ jókòó sí látàárọ̀ dalẹ́ ni. Ìta ni mo ti rí tèmi.

Kò-Sí-Báàgì, Ìlọrin

Èèyàn á wá sanwó gbọ̀ngàn, á lọ jẹun níta? Ó dáa, mo gbọ́.

Bàbá Akọ́mọlédè, Ìbàdàn

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo kí yín. Èmi ti fẹ̀yìn tì, ọ̀rọ̀ àtijọ́ ló kù lẹ́nu mi. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, bí mo ṣe ń rí i nínú Bíbélì ilé wa ni mo ṣe ń kọ Yorùbá fún ọmọ: "enia", "aiye", "nwọn", "onjẹ". Ọmọ kan kọ "ènìyàn" sínú ìwé rẹ̀, mo fi bíìrò pupa fagi lé e. Ọmọ náà ń sunkún, ó ní bàbá òun ló kọ́ òun bẹ́ẹ̀. Mo ní kó lọ sọ fún bàbá rẹ̀ pé èmi ni tísà.

Ọdún yẹn gan-an ni mo bá àwọn akọ́mọlédè ẹgbẹ́ mi jókòó fún ìgbà àkọ́kọ́. Olùbánisọ̀rọ̀ kan dìde, ó kọ ọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn sójú pátákó, ó kọ 1974 sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó ní láti ọdún náà ni ìjọba ti fọwọ́ sí àkọtọ́ tuntun. Ènìyàn, ayé, wọ́n, oúnjẹ: bá a ṣe ń pè é ni ká máa kọ ọ́. Ojú mi wá ilẹ̀.

Ó wá fi èyí tí n kò gbàgbé dòní kún un. Àkọtọ́ tí mo gbójú lé yẹn, ìpàdé ló bí i. Lóṣù kìíní ọdún 1875, àwọn míṣọ́nnárì CMS pé jọ sí Èkó pẹ̀lú Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, kí wọ́n lè fẹnu kò lórí bí wọn yóò ṣe máa kọ èdè wa sílẹ̀. Àádọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn ìgbà náà, ní 1965, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé gbé iṣẹ́ jáde lórí àkọtọ́ yìí, àwọn ìgbìmọ̀ sì jókòó lé e lórí. Ìpàdé ló dì í, ìpàdé ló tú u. Èmi tí n kì í lọ ìpàdé ni mo wà láàárín, tí mò ń fagi lé iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ. Mo padà síléèwé, mo wá ọmọ náà. Wọ́n ní àwọn òbí rẹ̀ ti kó kúrò nílùú.

Ọmọ Kétu

Bàbá, ẹ pẹ́ fún wa. Lọ́dọ̀ tiwa ní orílẹ̀-èdè Benin, lẹ́tà mìíràn la fi ń kọ èdè kan náà. Ẹ̀yin kọ "ọpẹ́", àwa kọ "ɔkpɛ́". Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo bá àwọn tísà Nàìjíríà pàdé, mo gbé ìwé ìtàn tí mo kọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi fún ẹni tó jókòó tì mí. Ó kà á dé "kp", ó bú sẹ́rìn-ín. Inú bí mi díẹ̀. Lálẹ́ ó kan ilẹ̀kùn mi, ó ti da ojú ìwé méjì kọ sí lẹ́tà tiyín, ó ní kí n wò ó bóyá òun ò ba ìtàn jẹ́. Láti ìgbà yẹn la ti ń fi ìtàn ránṣẹ́ síra wa lórí fóònù. Àwọn ọmọ mi ń ka ti Nàìjíríà, àwọn ọmọ tirẹ̀ ń ka tiwa. N kò rántí kókó ọ̀rọ̀ àpérò náà mọ́.

Ìyá Àtìláńtà

Yunifásítì ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ Amẹ́ríkà ní Yorùbá. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí, mo sì rò pé ìyẹn ti tó. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ń ṣàlàyé ohùn òkè, ohùn ìsàlẹ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe, ọ̀rọ̀-arọ́pò-orúkọ. Àwọn ọmọ ń gba A. Ọ̀kan nínú wọn wá lọ sí Ìbàdàn, ó kọ̀wé sí mi pé òun dé Bódìjà, òun ò lè ra tòmátì.

Nígbà tí mo lọ àpérò àwọn olùkọ́ èdè, mo gbọ́ ìmọ̀ràn ACTFL, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ èdè àjèjì ní Amẹ́ríkà, pé, ó kéré tán, kí àádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún àkókò kíláàsì jẹ́ èdè tí à ń kọ́ gan-an. Mo nawọ́, mo ní kò ṣeé ṣe fún èdè olóhùn. Obìnrin kan tó ń kọ́ni ní Swahili kò bá mi jiyàn. Ó ní kí n bọ́ síwájú. Ọsàn mẹ́ta, agbọ̀n kan àti ọwọ́ rẹ̀, ìyẹn nìkan ló lò. Gẹ̀ẹ́sì kò jáde lẹ́nu rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò pé tí mo fi ń bi í ní "Bei gani?", ìyẹn "Èló ni?", tí mò ń ná ọsàn. Ṣùgbọ́n kí n tó mọ̀ ọ́n sọ, òógùn bò mí. Ó ti pẹ́ jù tí mo ti gbàgbé bó ṣe ń rí lára kéèyàn dúró láàárín èrò, kó má gbọ́ nǹkan kan.

Báyìí, ẹní ni mo ń tẹ́ sílẹ̀ ní kíláàsì: ata, tàtàṣé, àlùbọ́sà, náírà onípépà tí mo gé. "Ẹ bá mi dín in kù." "Kò gbà, owó ọjà ni." Akẹ́kọ̀ọ́ méjì sá kúrò ní kíláàsì lọ́dún àkọ́kọ́, mi ò ní bò ó mọ́lẹ̀.

Tísà Modákẹ́kẹ́

Àǹtí Ṣàgámù, pírámárì nèmi náà wà. Àpérò ni àlejò kan tó ti ọ̀nà jíjìn wá ti sọ ìtàn àdúgbò mi fún mi. Ó ní láti 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ lo St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́ fi dán nǹkan wò: ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti gbogbo rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì sì dá dúró bí iṣẹ́ kan. Àwọn ọmọ yẹn ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ láti ọdún kẹrin lọ, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Èmi tí mò ń gba iwájú ilé-ìwé yẹn kọjá! Èmi tí mò ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ "fanákúlà"!

Mo gbé e dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá wa. Wọ́n ní ṣé mo fẹ́ kí àwọn òbí kó ọmọ wọn lọ ni. A ò tíì parí ọ̀rọ̀ náà. Owó ìtanràn ni mo dáwọ́ rẹ̀ dúró ní kíláàsì tèmi.

Àǹtí Ṣàgámù

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo lọ o! Mo ka ọ̀rọ̀ Bàbá Akọ́mọlédè sétí bàbá àwọn ọmọ mi. Wọn ò sọ̀rọ̀, wọ́n kàn yọ ìdajì owó ọkọ̀ sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Àwa mẹ́ta la pín yàrá kan. Ọ̀gbẹ́ni Kò-Sí-Báàgì, ẹ ò parọ́, iná lọ lẹ́ẹ̀mẹta.

Lálẹ́ ọjọ́ kẹta, ọ̀kan nínú àwọn tá a jọ sùn da ìdérí ìgò sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, "Ka ogún." Mo kà á. Ó ní, "Fún mi ní mẹ́rìndínlógún." Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀kan, ó gbá mi lọ́wọ́. "Gbọ́ orúkọ ẹ̀. Mẹ́rin dín ní ogún. Yọ mẹ́rin kúrò." Àṣé àyọkúrò tí mò ń jà lé lórí láti ọdún kẹsàn-án wá, inú orúkọ òǹkà ló wà! Nígbà tí mo padà sí kíláàsì, mo bẹ̀rẹ̀ láti mọ́kàndínlógún, mo sọ̀ kalẹ̀ dé márùndínlógún. Àwọn tó máa ń fi ìka kà lábẹ́ tábìlì ló kọ́kọ́ nawọ́. Nígbà tá a dé márùndínlógójì, ọmọ kan ti ka ogójì sílẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀.

Ọ̀gá wa bi mí pé báàgì dà. Mo gbé e fún wọn. Òun ni wọ́n ń gbé wá síṣẹ́ báyìí.